Ọjọ́bọ̀ Kan ní Ìsàlẹ̀ Òkun

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1977, ọkùnrin mẹ́ta kó sínú ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré kan nínú Òkun Pàsífíìkì, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò dé láti ìgbà tí òkun ti wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti rí ọ̀wọ́ ẹ̀dá tí ìwé kankan kò tíì kọ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí léèrè ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú òkun, n kò ní dárúkọ etíkun, n kò sì ní dárúkọ òkìtì iyùn tí àwọn arìnrìn-àjò ń sanwó gọbọi láti lọ wò. Ibẹ̀ yẹn ni màá dárúkọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ to ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ fún yín, láti òru tó ṣáájú rẹ̀ títí di alẹ́.

Òru tó ṣáájú

Ọkọ̀ ojú omi Knorr, ti ilé ìwádìí òkun Woods Hole ní Massachusetts l'Amẹ́ríkà, wà lójú agbami, ó lé ní 300 kìlómítà sí ìlà-oòrùn àwọn erékùṣù Galápagos, tí kò sì jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò wá ẹja wá. Onímọ̀ nípa àpáta wà níbẹ̀, onímọ̀ nípa èròjà inú omi wà níbẹ̀, àwọn tó ń wọn ìgbóná ilẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè nìkan ni kò sí. Kò sẹ́ni tó rò pé iṣẹ́ kan yóò kàn án.

Omi gbígbóná ni wọ́n ń wá. Èèpo ayé tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe odindi. Awẹ́ awẹ́ ni. Ní ibi tí mo ń wí yìí, awẹ́ méjì, tí wọ́n ń pè ní Cocos àti Nazca, ń fà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn díẹ̀díẹ̀, tí àpáta yíyọ́ sì ń gba àárín wọn jáde láti inú ilẹ̀. Ó yẹ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ìgbóná tó ń jáde kò tó ohun tí ìṣirò wí. Níbo ni ìyókù gbà lọ? Àwọn onímọ̀ ti ń fura pé omi òkun ló ń wọnú ihò àti pàlàpálá àpáta lọ, tí ó ń gbóná níbẹ̀, tí ó sì ń gbé ìgbóná náà jáde bí ìsun, irú èyí tí àwọn ará Èkìtì mọ̀ dáadáa ní Ìkògòsì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó tíì fojú rí irú ìsun bẹ́ẹ̀ rí nídìí òkun ńlá. Àwọn onímọ̀ láti ilé ìwádìí òkun Scripps ní California ti gbé ohun èlò kọjá níbẹ̀ lọ́dún 1976, wọ́n sì ti rí àmì pé omi ibì kan gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Àmì lásán ni.

Ní òru kan ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yìí, àwọn ará Knorr so kámẹ́rà mọ́ inú àgò irin ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ANGUS, wọ́n fi okùn gígùn sọ ọ́ kalẹ̀ tó nǹkan bí 2,500 mítà, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ fà á lọ lókè ilẹ̀ òkun. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá ni kámẹ́rà náà ń ya fọ́tò. Robert Ballard ló wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹni tí ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà nígbà tí òun àti àwọn ará Faransé rí ọkọ̀ Titanic tó rì, lọ́dún 1985. Ọkọ̀ Knorr yìí kan náà ni wọ́n wà nígbà náà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó di ọ̀gànjọ́, ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná omi dédé fò sókè. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi tún padà sílẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ẹni tó jókòó ti ohun èlò yẹn ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, tí oorun ń kùn ún, tí ọkọ̀ ń mì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ká ní ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, tàbí ká ní ó gbà pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe, ìtàn yìí ì bá má rí báyìí. Ó kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ANGUS gòkè, tí wọ́n fọ fọ́tò inú rẹ̀, ó tó bí 3,000. Ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, àpáta dúdú gbẹrẹfu ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ní déédéé àsìkò tí omi gbóná yẹn, fọ́tò 13 fi ìkarahun funfun àti aláwọ̀ ilẹ̀ hàn, ọgọ́ọ̀rọ̀ wọn, tí wọ́n kó jọ sórí àpáta, tí omi ibẹ̀ sì rí ṣúkẹ̀ṣúkẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò 13 yìí, àpáta gbẹrẹfu padà.

Àárọ̀

Ọkọ̀ abẹ́ omi tí yóò lọ wo ohun tó wà nínú fọ́tò náà ń jẹ́ Alvin. Ọkọ̀ mìíràn, Lulu, ló ń gbé e káàkiri. Orúkọ Allyn Vine, ọ̀kan nínú àwọn tó jà fún kí Woods Hole ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi sọ Alvin. Orúkọ ìyá Vine ni wọ́n fi sọ Lulu.

Ìgbà yẹn, Alvin ti lo ọdún mẹ́tàlá lẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ sì ti rí nǹkan. Lọ́dún 1966 ó bá wọn wá bọ́ǹbù kan tó já bọ́ sínú òkun Sípéènì. Lọ́dún 1968, okùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kalẹ̀ já, ó rì sínú omi tó jìn tó 1,500 mítà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì rọ́nà jáde ní wàrà-wéré. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó gbé e jáde. Búrẹ́dì tí wọ́n ti fi ẹran há láàárín fún oúnjẹ ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, omi ti rin ín gbingbin, ṣùgbọ́n kò jẹrà. Àwọn onímọ̀ fi ìyẹn kọ́gbọ́n pé nínú òtútù ìsàlẹ̀ òkun, jíjẹrà nǹkan a máa falẹ̀ gidigidi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ó wà lára ohun tó mú kí gbogbo ayé gbà nígbà náà pé ìsàlẹ̀ òkun kò lè gba ẹ̀dá púpọ̀: oúnjẹ tó ń já bọ́ láti òkè kò tó nǹkan, òtútù pọ̀, òkùnkùn sì ṣú.

Lọ́dún 1973 wọ́n ti pààrọ̀ yàrá róbótó inú Alvin sí ti irin titanium, kí ó lè lọ jìn tó 3,600 mítà. Yàrá náà fẹ̀ tó bíi mítà méjì péré, fèrèsé kéékèèké ló ní, ènìyàn mẹ́ta ló sì ń gbà bí wọ́n bá fún ara wọn pọ̀. Àwọn mẹ́ta tó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà ni Jack Donnelly, tó ń wà á. Jack Corliss, onímọ̀ àpáta láti Oregon State University. Àti Tjeerd van Andel, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń ṣe olùkọ́ ní Stanford. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn òkè pa. Lulu sọ wọ́n sómi.

Wákàtí kan àbọ̀ nínú òkùnkùn

Alvin kì í fi agbára iná lọ sísàlẹ̀. Irin wúwo ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn, irin náà ló ń fà á lọ, ní nǹkan bíi 30 mítà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìjìnlẹ̀ ni aago ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé, wọ́n ti wà ní 300 mítà, omi tó jẹ́ búlúù lójú fèrèsé ti ń di dúdú. Wọ́n a pa iná ọkọ̀ kí bátìrì má baà tán. Bí ìdajì wákàtí bá kọjá, wọ́n ti sún mọ́ 1,000 mítà, kò sì sí ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́ àyàfi ti àwọn ẹ̀dá inú omi fúnra wọn, tí wọ́n ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lára fèrèsé bí ọkọ̀ ti ń rì gba àárín wọn kọjá. Ní wákàtí kan, 1,800 mítà. Omi ìta kò ju dígírì méjì lọ, òtútù rẹ̀ a sì máa wọnú ọkọ̀, ará inú rẹ̀ a wọ súwẹ́tà. Nígbà tí wọ́n bá fi dé 2,500 mítà, agbára tí omi fi ń tẹ ara ọkọ̀ ti tó ìlọ́po 250 ti afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ wá lókè níhìn-ín.

Wákàtí kan àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì inú òkun jẹ́ kìkì ìgbádùn, kí ó lọ jókòó sójú kan fún wákàtí kan àbọ̀, kí orúnkún ẹlòmíràn máa gún un ní ìhà, kí ó má sì rí nǹkan kan.

Iyálẹ̀ta

Donnelly ju lára irin wúwo náà nù kí ọkọ̀ má baà fìdí sọlẹ̀, ó sì tan iná. Àpáta dúdú ló kọ́kọ́ hàn, àpáta tó ti yọ́ rí, tí omi tútù sì mú kó dì ní róbótó róbótó. Tuntun ni, ó ń dán, erùpẹ̀ kò tíì bò ó. Kò sí ohun alààyè kankan lórí rẹ̀ tó ṣeé kà. Àwọn tó wà lókè ń tọ́ wọn sọ́nà. Wọ́n ti gbin àwọn ẹ̀rọ tó ń dún sílẹ̀ òkun, ìró wọn ni wọ́n fi ń mọ ibi tí Alvin dé. Wọ́n darí wọn sí ibi tí fọ́tò 13 yẹn ti wá.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, omi iwájú fèrèsé ń mì rìrì, níbi tí gbígbóná ti ń pàdé tútù. Ó ń jáde láti inú gbogbo pàlàpálá àpáta. Wọ́n wọ̀n ọ́n: dígírì mẹ́jọ. Lójú ẹni tó wà lókè, dígírì mẹ́jọ tutù nini. Ṣùgbọ́n níbi tí gbogbo omi ti jẹ́ dígírì méjì, ohun tí àwọn onímọ̀ ti ń fọwọ́ ṣírò láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn ló dúró níwájú wọn yẹn. Ìsun gbígbóná wà nídìí òkun. Ìmọ̀ wọn jóòótọ́. Bí ọjọ́ náà bá parí síbẹ̀, wọn ì bá ti gba oríyìn.

Ṣùgbọ́n ìsun náà kọ́ ni ojú wọn dúró lé lórí. Ẹran oníkarahun funfun, tí àwọn mìíràn gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ló kún inú pàlàpálá àpáta, ààyè wọn ni, wọn kì í ṣe òkú. Àwọn oníkarahun aláwọ̀ ilẹ̀ so mọ́ ara wọn ní òkìtì òkìtì. Akàn funfun ń rìn lórí wọn. Wọ́n rí ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Gbogbo rẹ̀ kó jọ sí àyíká omi gbígbóná. Bí Alvin bá ti kúrò níbẹ̀ díẹ̀, àpáta gbẹrẹfu ló tún kù.

Corliss gbé tẹlifóònù abẹ́ omi. Ohùn ló ń gba inú omi lọ, ó sì ń gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá kan àbọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dókè láti ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni méjì kò lè já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. Debra Stakes, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló wà lókè tó ń gbọ́. Corliss bi í pé ṣé kì í ṣe aṣálẹ̀ ni wọ́n ní ìsàlẹ̀ òkun jẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá rẹ̀ wá sọ fún un pé, ó dára, ẹran ló kún ibẹ̀ o.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọjọ́ náà ni ìbéèrè yìí. Olùkọ́ ló ń bi akẹ́kọ̀ọ́. Kò bínú sí ohun tó rí nítorí pé kò bá ìwé mu, kò sì sọ pé kò kan òun nítorí pé àpáta ni iṣẹ́ òun. Ó fi ohun tí wọ́n kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ borí. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ ló ti kú ní ilẹ̀ yìí àti nílẹ̀ òkèèrè nítorí pé ẹni tó rí nǹkan rò pé kò sí nínú iṣẹ́ òun láti sọ ọ́.

Ọ̀sán

Wọ́n ṣiṣẹ́ títí bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Apá irin Alvin ń ṣa àpáta, ó ń ṣa ìkarahun sínú apẹ̀rẹ̀ iwájú ọkọ̀, ó ń bu omi sínú àwọn ìgò tí wọ́n ṣe fún un. Ìyókù ọ̀sán náà kò ní ìtàn púpọ̀: wíwọ̀n, kíkọ sílẹ̀, yíya fọ́tò, sísún díẹ̀, wíwọ̀n padà.

Nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí níbẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́wọ́ l'Ékòó. Àjọ̀dún FESTAC ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọjọ́ 12 oṣù yẹn ni. Ní ọjọ́ kejì Ọjọ́bọ̀ tí mo ń sọ yìí, àwọn ṣọ́jà ya bo Kalakuta, ilé Fẹlá, wọ́n sì dáná sun ún. Ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun ti Nàìjíríà tó wà ní Victoria Island kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n dá a sílẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ìròyìn ìsàlẹ̀ Pàsífíìkì kò dé etí wa. Síbẹ̀, nínú gbogbo ayé, ó yẹ kí ìròyìn náà dùn mọ́ wa ju àwọn mìíràn lọ, àwa tí àwọn baba wa ti ń sọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé ọrọ̀ Olókun kò lóǹkà nísàlẹ̀ ibú.

Ìrọ̀lẹ́

Donnelly ju ìyókù irin wúwo náà nù, Alvin sì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó bọ̀. Bó ṣe pẹ́ ní lílọ ló pẹ́ ní bíbọ̀. Kí wọ́n tó yọrí, àwọn tó wà lókè ti ń retí apẹ̀rẹ̀ náà ju bí wọ́n ṣe ń retí ènìyàn lọ.

Alẹ́

Ìṣòro àkọ́kọ́ tó yọjú ni ibi tí wọn yóò tọ́jú ẹran sí. Mo ti sọ pé kò sí onímọ̀ ẹ̀dá alààyè nínú ọkọ̀. Kò sí ohun èlò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Formalin tí wọ́n ní kò tó nǹkan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọtí vodka ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí àwọn kan ti rà ní Panama, rẹ ẹran tí ayé kò rí rí.

Ìṣòro kejì ni òórùn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ èròjà ṣí ìgò omi ìsàlẹ̀ òkun náà, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ gba gbogbo yàrá, wọ́n sáré ṣí fèrèsé. Òórùn yẹn ni èsì ìbéèrè tó wà lọ́kàn gbogbo wọn, ìyẹn ohun tí ẹran ibẹ̀ ń jẹ. Hydrogen sulfide ni, èròjà tó ní imí-ọjọ́ nínú, èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ ẹ̀dá. Omi òkun tó wọnú ilẹ̀ ló ń kó o jáde láti ara àpáta gbígbóná.

A ti mọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1880 sókè, nípasẹ̀ Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, pé àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó lè fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ ṣe oúnjẹ láìlo oòrùn. Ohun tí kò sẹ́ni tó gbà tẹ́lẹ̀ ni pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè bọ́ odindi agbo ẹran, akàn àti ẹja. Lókè, ewé ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ. Nísàlẹ̀, kòkòrò àìfojúrí ló ń fi imí-ọjọ́ sè é. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ká má ṣe àsọdùn bí àwọn kan ti ń ṣe: oxygen tí ọ̀pọ̀ ẹran yẹn ń lò ṣì wá láti ara ewéko ojú omi àti ti orí ilẹ̀, nítorí náà wọn kò bọ́ lọ́wọ́ oòrùn pátápátá.

Láàárín ìrìn-àjò náà, wọ́n rí àwọn ibòmíràn bẹ́ẹ̀ ní tòsí. Ọ̀kan, tí wọ́n sọ ní Ọgbà Édẹ́nì, kún fún ekòló gígùn tó ń gbé inú ọ̀pá funfun, tí orí rẹ̀ pupa fòò nítorí ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1979 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá alààyè fúnra wọn tó débẹ̀. Wọ́n rí i pé ekòló náà, tí wọ́n wá sọ ní Riftia pachyptila, kò lẹ́nu, kò sì ní ìfun. Báwo ló ṣe ń jẹun? Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó tún tú u: Colleen Cavanaugh, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Harvard, dìde níbi tí ọ̀gá kan ti ń ṣàlàyé ara ekòló náà, ó ní kòkòrò àìfojúrí ni yóò máa gbé inú rẹ̀, tí wọn yóò máa se oúnjẹ fún un. Iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1981 fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Àwọn ibùgbé yìí kì í pẹ́ láyé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà sí àgbègbè Galápagos lọ́dún 2002, àpáta yíyọ́ ti bo ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù mọ́lẹ̀. Nítòsí ibẹ̀, wọ́n bá tuntun tó ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ekòló kéékèèké. Lọ́dún 2023, níbòmíràn nínú Pàsífíìkì yìí kan náà, wọ́n ṣí èèpo àpáta, wọ́n sì bá ekòló àti ìgbín tó ń gbé nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ òkun fúnra rẹ̀.

Àpáta ìdí irú ìsun wọ̀nyí máa ń ní bàbà àti wúrà nínú. Àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ òkun àgbáyé, tó fi Kingston ní Jamaica ṣe ibùjókòó, ti fún àwọn orílẹ̀-èdè kan ní ìwé àṣẹ láti máa wá irú wọn kiri nínú Òkun Àtìláńtíìkì àti Òkun Íńdíà. Nàìjíríà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ náà, ohùn wa sì ń kà níbẹ̀. Mo ń bẹ àwọn tó ń lọ jókòó lórúkọ wa: kí wọ́n tó fọwọ́ sí kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n pe àwọn onímọ̀ òkun tiwa láti Yunifásítì Èkó àti láti ilé ìwádìí tó wà ní Victoria Island, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu wọn ná.